Ohùn Màámi Nínú Háádì

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Dáwódù gbé háádì náà, àpótí pẹlẹbẹ tó ń kó nǹkan kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí, wá láàárọ̀ yìí, ó wé e sínú aṣọ ìnujú. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní òun ò fẹ́ kí Màámi rí òun. Mo ní, "Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?" Ó ní ó já bọ́. Mo ní nígbà wo. Ó ní, "Ó pẹ́ díẹ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló gbé e lọ, ó fẹ́ fi fídíò ọjọ́ ìbí rẹ̀ hàn wọ́n, ẹnì kan fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, háádì já látorí tábìlì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń ti wáyà rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn, tó ń gbá a létí, bóyá á jí. Bí iná bá ti wọ̀ ọ́, ńṣe ló ń dún kó, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún.

Gbogbo ohùn Màámi ló wà nínú rẹ̀. Kí dókítà tó gé gògóńgò wọn lóṣù kejìlá, ọ̀sẹ̀ méjì la fi jókòó nínú yàrá wọn, a to tìmùtìmù sójú fèrèsé kí ariwo ìta má bàa wọlé, èmi ń ka gbólóhùn, wọ́n ń tún un sọ sínú kọ̀ǹpútà Dáwódù, òun náà sì kó gbogbo rẹ̀ sínú háádì yìí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún gbólóhùn. "Mo fẹ́ omi." "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn." "Ta ló wà níbẹ̀?" Obìnrin tó ń kọ́ wọn lọ́rọ̀ sísọ nílé ìwòsàn ní bí gbólóhùn bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á kọ́ ohùn náà, ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ sórí fóònù, ohùn ara wọn ni yóò fi sọ ọ́. Ìparí oṣù yìí ló ní ká kó o wá. Èmi ni mo ní ká fi ẹ̀dà kan sọ́dọ̀ mi. Dáwódù ní ọwọ́ òun ló ti dáa jù. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àbí? Ó wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Lọ́jọ́ tá a parí, Màámi lé mi jáde, wọ́n ní kí n tilẹ̀kùn. Orúkọ mi ni mo gbọ́ látìta, mi ò gbọ́ ìyókù. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Wàá gbọ́ tó bá yá." Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi bú mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ìyókù ohùn yẹn sọ fún mi.

Lójú Dáwódù, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nínú ìwé yìí, "ó" ni, ìyẹn gan-an sì ti pọ̀jù fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

A gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù atúnkọ̀ǹpútàṣe kan, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ilé aránṣọ. Tábìlì rẹ̀ mọ́ ju ti ilé ìpoògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín. Kó tó sọ ohunkóhun, á kọ́kọ́ ní "má fọwọ́ kàn án", nítorí náà Má-fọwọ́-kàn-án lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi látòní lọ.

Ó gbé háádì sétí, ó tan iná sí i lẹ́ẹ̀kan, ó pa á kíá. Ó bi Dáwódù: "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti taná sí i látìgbà tó ti bọ́?"

Dáwódù ní, "Bí ẹ̀ẹ̀mejì."

Má-fọwọ́-kàn-án ń wò ó.

"Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀," Dáwódù wí.

Ó ṣàlàyé fún wa. Àwo dídán ló wà nínú háádì, abẹ́rẹ́ tíntìntín ló ń kà á, àwọn abẹ́rẹ́ yẹn kì í sì í fara kan àwo. Èyí ti wọ́ báyìí. Gbogbo ìgbà tí iná bá wọ̀ ọ́, ó lè ha àwo, ohun tó bá sì ti ha, ó lọ nìyẹn. "Kì í ṣe pé ó fara pa mọ́ o. Ó ti di eruku." Òun á máa fa ohun inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, á sinmi, á tún fà á. Ó lè kú nígbàkígbà, nítorí náà ohun tó bá ṣe pàtàkì jù ni kó kọ́kọ́ jáde.

Ó wá ní, "Ta ló ni í? Ọ̀rọ̀ ta ni kí n máa tẹ̀ lé?"

Dáwódù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí ni kí n wí? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni í. Ohun tí wọ́n bá wí ni kẹ́ ẹ ṣe." Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Dáwódù ní kí n tètè máa lọ síbi iṣẹ́, òun á ṣàlàyé ìyókù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ.

Ọjọ́bọ̀, 5

Ooru ò jẹ́ ká gbádùn. Màámi gbé síléètì, wọ́n kọ nǹkan kan. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ níwèé, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n báyìí, ìlà ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì. Mo kà á pé "ajá". Wọ́n ju síléètì lù mí léjìká. "Jáde" ni wọ́n kọ.

Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti kọ òmíràn, wọ́n gbé e lé àyà. Èyí hàn dáadáa. "Ohùn mi dà?"

Mo ní ó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Wọ́n múná lọ ládùúgbò ṣọ́ọ̀bù. Má-fọwọ́-kàn-án ní ìyẹn gan-an dáa, kí háádì sinmi. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Àǹtí." Mo ní, èyí tí wọn ò fẹ̀sọ̀ mú ńkọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Ó ń jáde.

Mo yà síbẹ̀ nígbà tí mo kúrò níbi iṣẹ́. Ó tẹ́ háádì sórí irin pẹlẹbẹ, ó dojú fáànù kékeré kọ ọ́. Àwọn àpótí kéékèèké ń yọ lójú kọ̀ǹpútà: èyí tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ á di àwọ̀ ewé, èyí tó bá kọ̀ á di pupa. Àwọ̀ ewé ló pọ̀ jù. Mo dúró ń wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo ní, "Ohùn Màámi ńkọ́?" Ó ní, "Á kàn án, Àǹtí."

Mo sáré délé sọ fún Màámi pé ó ń jáde. Wọ́n fi ìka lu ẹ̀yìn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́. Látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ọwọ́ wọn kò tíì kàn mí láìsí ìbínú nínú rẹ̀, àfi lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Háádì tún ń kanlẹ̀kùn. Má-fọwọ́-kàn-án pa á, ó ní ó di ọ̀tunla.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Mo gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Dáwódù lọ fún un nílé, nítorí tí mi ò bá gbé e lọ, kò ní rà á. Ìyàwó wa ló ṣílẹ̀kùn. Orin ń dún gèè ní pálọ̀. Mo wọlé, mo bá Dáwódù tó nasẹ̀ sórí tábìlì, tó ń wo ara rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, nínú aṣọ funfun, níbi tó ti ń gé kéèkì ọjọ́ ìbí.

Inú háádì yẹn nìkan ni fídíò náà wà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí èyí?"

Ìyàwó wa ló dáhùn, kò mọ nǹkan kan, inú rẹ̀ ń dùn: "Ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ni? Ọkùnrin kọ̀ǹpútà yẹn ti bá wa yọ ọ́. Fídíò, fọ́tò ìgbà tá a rìnrìn-àjò, gbogbo ẹ̀ pátá. Àná ló kó o fún wa."

"Ohùn Màámi ńkọ́?"

Dáwódù ní, "Òun ló kàn báyìí. Kí ló ń lé ọ léré?"

Ibi tá a ti ń sọ ọ́ ni Màámi yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, maikirofóònù lọ́wọ́, ọrùn wọn ṣì pé. Dáwódù yí i sókè. Ó ní, "Wò ó, ohùn tó ò ń wá kiri nìyí." Màámi ní, "Dáwódù mi. Igi lẹ́yìn ọgbà mi. Bí mo bá bí mẹ́wàá sí i, ìwọ nìkan ni mo bí." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, orin gbé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ẹ̀yìn ilé yìí kan náà ni mo wà, mò ń fọ abọ́. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Mo ní, "Kéèkì lẹ fi ṣáájú ọ̀fun ìyá yín." Mi ò rántí "ẹ̀gbọ́n" nídìí rẹ̀.

"Má pariwo lé mi lórí nínú ilé mi. Èmi ni mo ni háádì. Ìwọ náà lo sọ fún un, níṣojú mi."

Òótọ́ ni. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Mo gbé oògùn rẹ̀ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sọ fún un pé ẹyọ kan láàárọ̀, mo jáde.

Ọjọ́ Ajé, 16

Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí Má-fọwọ́-kàn-án tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò sá fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n kọ́kọ́ yọ fídíò, kí n yọ fọ́tò tẹ̀ lé e, kí n wá yọ ti Màámi. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣé ẹ ò lè pè mí ni?"

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní ohun tí wọ́n bá wí ni kí n ṣe. Tí mo bá wá pè yín, ṣé mi ò ti dá sọ́rọ̀ ẹbí ẹlẹ́bí?"

Mo jókòó. Ó wá sọ èyí tó burú jù, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́sàn-án: "Fídíò wúwo, òun ló tán an lágbára. Ohùn fúyẹ́. Ká ní ohùn ló ṣáájú ni, ọjọ́ kan kò ní parí kí gbogbo ẹ̀ tó jáde."

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ ti Màámi báyìí.

Ọjọ́rú, 18

Àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn Màámi jáde. Mo ki nǹkan ìgbọ́rọ̀ bọ etí. "Ẹ tún un sọ, Màámi. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀." Ohùn mi ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ṣííí, ó tán. Èkejì, èmi náà ni, mò ń rẹ́rìn-ín. Ohùn mi wà lọ́fun mi, mi ò sọ ọ́ nù.

Ìkẹta ni Màámi: "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn."

Ketekete, bí ẹni pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà. Mo bú sẹ́kún níwájú ọkùnrin yẹn. Ó dìde, ó kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí omijé ń kán sórí tábìlì, tí mo fẹ́ fi ìborí mi nù ún, ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án, Àǹtí," ó sì fi aṣọ tirẹ̀ nù ún. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran: aṣọ náà mọ́ ju ìborí mi lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Òjò àkọ́rọ̀. Mẹ́ta sí i jáde. Ọ̀kan gé láàárín: "Mo fẹ́..." Kí ni wọ́n fẹ́? Èmi ni mo ka gbólóhùn yẹn fún wọn, mo mọ̀ pé omi ni, àmọ́ ìmọ̀ mi kò wúlò fún ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Ajé, 23

Abẹ́rẹ́ ti kú pátápátá. Bó ti taná sí i, kò tilẹ̀ kanlẹ̀kùn mọ́. Má-fọwọ́-kàn-án ní àfi kí òun rí háádì irú rẹ̀ gan-an lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù, kí òun yọ abẹ́rẹ́ tirẹ̀ fi sínú tiwa.

Dáwódù kò pè láti ọjọ́ Àìkú yẹn, àfi lónìí. Ó bèèrè lọ́wọ́ Màámi lórí fóònù bóyá ara le, bí ẹni pé wọ́n lè dá a lóhùn. Mo gbé fóònù sí wọn létí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ títí ó fi pa á.

Ọjọ́bọ̀, 26

Má-fọwọ́-kàn-án rí háádì irú rẹ̀. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi ní ìyá ta ni kì í ṣàìsàn. Mo lọ bákan náà.

Inú àpótí onígíláàsì ló ti ṣí àwọn háádì méjèèjì, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ó ní kí n má mí sítòsí. Ó tú abẹ́rẹ́ ti èyí tó yè, ó gbé e sínú tiwa. Ó taná. Ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́ ọ: ariwo bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Ó já wáyà.

Ó ṣí i. Òrùka kan ti wà yíká lórí àwo náà, níbi tó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Ó fi òwú nu etí rẹ̀, ó gbé òwú náà wá sójú mi. Eruku dúdú díẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Ibi tí ohùn Màámi wà gan-an nìyí."

Mi ò mọ ìdí tó fi fi hàn mí. Bóyá ó rò pé mo fẹ́ rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Obìnrin ọlọ́rọ̀ sísọ gbọ́ gbogbo ohun tó kù, kò pẹ́ rárá. Ó ní ẹ̀rọ kò lè kọ́ ohùn nínú èyí. Mo gbé fídíò ọjọ́ ìbí, tí ìyàwó wa fi ránṣẹ́ sí mi, sílẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ, ó mirí: orin ti wọ inú ohùn, àtẹ́wọ́ ti wọ inú orin, kò sí ọ̀bẹ tó lè là wọ́n. Ohun tó lè ṣe kò ju kó to èyí tó kù sórí fóònù, kí Màámi máa fìka tẹ̀ ẹ́. Wọn ò ní lè sọ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ láéláé.

Ohun tó kù tó pé: "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn." "Ta ló wà níbẹ̀?" "Oúnjẹ yìí ti tutù." "Rárá." "Mo gbọ́." "Ẹ bá mi pe Dáwódù." "Rárá" wà, "bẹ́ẹ̀ ni" kò sí. "Ẹ ṣé" kò sí. Èyí tí wọ́n lé mi jáde kí wọ́n tó sọ, kò sí.

Ọjọ́ Àìkú, 29

A sọ fún wọn. Dáwódù wá, ó wọ bàtà dídán, ó dúró sí ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo sọ ọ́. Màámi gbọ́ ọ títí, wọ́n ń fọwọ́ bo ihò ọrùn wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí èémí wọn bá fẹ́ yára. Wọ́n gbé síléètì: "Ta ló bà á jẹ́?"

Mo wo Dáwódù. Dáwódù ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ̀rọ ni, ó lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Atúnkọ̀ǹpútàṣe yẹn náà kò mọṣẹ́."

Wọ́n nu síléètì, wọ́n tún un kọ, wọ́n dojú rẹ̀ kọ mí: "Ìwọ lo gbé e lọ síbẹ̀?"

Mo ní, "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni, Màámi." Mo fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo fẹ́ sọ ti fídíò, ti kéèkì, ti ilé ọ̀rẹ́. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dá mi dúró. Wọ́n yíjú sí Dáwódù, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀, nítorí ooru mú un. Dáwódù jẹ́ kí wọ́n nù ún.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo dákẹ́, tara mi dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹrin

Fóònù ti dé, ìlà bọ́tìnì mẹ́fà. Nígbà tí Màámi kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n gbọ́ ara wọn pé "Ta ló wà níbẹ̀?", wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wá mọ̀ pé àwọn ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n ń gbọ́ ọ, etí wọn lé fóònù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìkẹfà. "Ẹ bá mi pe Dáwódù."

Mo pè é. Ó wá kíá, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó dì mọ́ wọn, ó ní ṣé wọ́n rí i pé kò sí ohun tó sọnù. Òun náà sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

"Ẹ bá mi pe Dáwódù." Mo pè é, ó ní òun wà nípàdé.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Kí n tó jí, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọn ò wò ó. Ohùn yẹn kò ga, kò rẹlẹ̀, kò bínú, kò bẹ̀bẹ̀, nítorí lóṣù kejìlá tí wọ́n sọ ọ́, inú wọn dùn, èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kó bá wọn jókòó. "Ẹ bá mi pe Dáwódù." Mo pè é. Kò gbé e. Mo fi hàn wọ́n pé kò gbé e. Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi í pamọ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó wa gbé e níkẹyìn, ó ní kí n jọ̀ọ́, ọkọ òun ní ká dín ìpè kù, ó ń ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Òjò rọ̀ ní gbogbo àárọ̀. Mo gbé fóònù Màámi lọ sí ilé ìdáná láti gbaná sí i. Mo jókòó tì í. Oṣù kan gbáko ni mo fi dúró ti ọkùnrin yẹn kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan má bàa sọnù, mo sunkún nítorí "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn".

Mo ṣí i. Mo fìka lé ìkẹfà. Fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kí òun pa á rẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ sí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ tí mo tọ́jú ẹ̀dà sí, nínú òjò yẹn, mo pa á rẹ́ níbẹ̀ náà. Má-fọwọ́-kàn-án ti sọ fún mi pé òun kì í tọ́jú ohun oníbàárà.

Nígbà tí mo gbé fóònù padà fún Màámi, ìka wọn lọ síbẹ̀ tààrà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n tẹ òfìfo náà, wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

Mo ní, "Ó ti bàjẹ́, Màámi. Ohun tó mú ìyókù lọ ló mú un lọ."

Wọ́n wò mí, bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ iléèwé tó bá ń purọ́ níwájú wọn, ó pẹ́ kí wọ́n tó mójú kúrò. Síléètì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò gbé e. Wọ́n gbé ìka wọn padà sórí fóònù, wọ́n sì tẹ bọ́tìnì mìíràn.

"Mo gbọ́."